Fọ́tò Dúdú-àti-Funfun ti Àwọn Ọkọ̀ Òkun Àtijọ́ ní Ilé Ìpamọ́: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ìbéèrè kan náà ni àwọn tó ń wá fọ́tò ọkọ̀ àtijọ́ máa ń béèrè léraléra, pàápàá àwọn tí bàbá tàbí ìyá wọn bá ọkọ̀ méèlì lọ sí ìlú òyìnbó. Mo kó wọn jọ síbí, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó rọrùn.

Irú fọ́tò wo gan-an ni a ń sọ?

A ń sọ nípa fọ́tò dúdú-àti-funfun tí ọkọ̀ òkun wà nínú rẹ̀, tí wọ́n yà láàárín nǹkan bí ọdún 1840 àti àwọn ọdún 1970, tó sì wà lọ́wọ́ ilé ìpamọ́ àkọsílẹ̀, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tàbí ilé ìkàwé ńlá kan. Òmíràn wà lára àwo gíláàsì, òmíràn lára fíìmù, òmíràn sì jẹ́ bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ inú álíbọ́ọ̀mù.

Kì í ṣe iṣẹ́ kan náà ni wọ́n torí rẹ̀ yà wọ́n. Ilé iṣẹ́ tó ń kan ọkọ̀ a máa gba ayafọ́tò kí ó lè fi bí iṣẹ́ ṣe ń lọ han ẹni tó ni ọkọ̀. Ilé iṣẹ́ tó ń kó èrò a máa yà á fún ìpolówó. Àwọn ológun ojú omi a máa yà á kí wọ́n lè dá ọkọ̀ ara wọn mọ̀ yàtọ̀ sí ti ọ̀tá. Ayafọ́tò etí èbúté a sì máa yà á tà fún àwọn atukọ̀. Nígbà tí kámẹ́rà Kodak jáde ní 1888, àwọn èrò ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ya tiwọn. Ìdí tí a fi ya fọ́tò ló máa ń pinnu ohun tí ó wà nínú rẹ̀ àti ohun tí wọ́n yọ sílẹ̀.

Fọ́tò ọkọ̀ wo ló pẹ́ jù lọ?

Èyí tí wọ́n sábà máa ń kà sí àkọ́kọ́ ni ti SS Great Britain, tí William Henry Fox Talbot yà ní Bristol ní 1844, nígbà tí wọ́n ṣì ń parí iṣẹ́ lára ọkọ̀ náà. Ọkọ̀ náà dúró gbọin sí èbúté, ìyẹn ló jẹ́ kí fọ́tò náà ṣeé yà, nítorí ohun tó bá ń rìn kò lè hàn dáadáa lójú kámẹ́rà ìgbà náà.

Níbo ni a ti lè rí wọn?

Ibi tó pọ̀ sí jù ni Gẹ̀ẹ́sì: National Maritime Museum ní Greenwich, Merseyside Maritime Museum ní Liverpool, àti Imperial War Museums fún ọkọ̀ ogun. Ní Amẹ́ríkà, Library of Congress ní àwọn àwo gíláàsì Detroit Publishing Company, Mystic Seaport sì ní àkójọ ìdílé Rosenfeld. Ní Australia, State Library of Victoria ń tọ́jú iṣẹ́ Allan C. Green, ẹni tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ya àwọn ọkọ̀ tó ń wọ èbúté Melbourne.

Fún ẹni tó ń wá ti ilẹ̀ wa, The National Archives ní Kew, Lọ́ńdọ̀nù, ni kí ó kọ́kọ́ yà sí. Àkójọ fọ́tò ti iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó àwọn ilẹ̀ amúnisìn wà níbẹ̀ lábẹ́ nọ́ńbà CO 1069, wọ́n sì gbé ẹgbẹẹgbẹ̀rún fọ́tò Áfíríkà láti inú rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 2011. Ní ti Nàìjíríà, ilé ìpamọ́ ìjọba àpapọ̀ tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn kún fún ìwé ju fọ́tò lọ, ṣùgbọ́n ìwé ló máa ń tú fọ́tò wò.

Báwo ni mo ṣe lè wá ọkọ̀ kan pàtó?

Ẹ má ṣe gbára lé orúkọ ọkọ̀ nìkan. Ẹ wá orúkọ ilé iṣẹ́ tó kàn án, ọdún tó kọ́kọ́ wọ omi, ilé iṣẹ́ tó ń lò ó, àti orúkọ mìíràn tó bá jẹ́ lẹ́yìn náà. Ẹ wo Aureol, ọkọ̀ méèlì ti ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ Elder Dempster, tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà wọ̀. Láàárín Liverpool àti Èkó ló ń ná láti 1951, nítorí náà Liverpool ni gbogbo ènìyàn máa ń wá a sí. Ṣùgbọ́n Alexander Stephen ní Linthouse, Glasgow, ló kàn án, Yunifásítì Glasgow sì ni ìwé ilé iṣẹ́ náà wà. Nígbà tí wọ́n tà á ní 1974, wọ́n pè é ní Marianna VI, ó sì di ilé gbígbé fún àwọn òṣìṣẹ́ ní Saudi Arabia, kí wọ́n tó tú u palẹ̀ ní Íńdíà ní 2001. Fọ́tò tó bá jẹ́ ti ìgbà ogbó rẹ̀ kò ní jáde bí ẹ bá tẹ “Aureol”.

Gbogbo ọkọ̀ oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì láti 1855 ló ní nọ́ńbà ìjọba tí kì í yí padà bí orúkọ rẹ̀ bá tilẹ̀ yí padà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Bí ẹ bá rí nọ́ńbà yìí nínú ìwé Lloyd's Register tàbí nínú ìwé orúkọ ọkọ̀ ti ìjọba, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn.

Ṣé mo lè lo fọ́tò tí mo rí níbẹ̀ bó ṣe wù mí?

Ó sinmi lórí òfin ìlú tí ẹ wà àti ọjọ́ orí fọ́tò náà. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀tọ́ ayafọ́tò máa ń wà títí di ọdún 70 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ohun tí wọ́n ti tẹ̀ jáde fún ohun tó lé ní ọdún 95 ti di ti gbogbo ènìyàn. Owó tí ilé ìpamọ́ ń gbà lọ́wọ́ yín kí wọ́n tó fún yín ní ẹ̀dà tó mọ́ kì í ṣe owó ẹ̀tọ́ ayafọ́tò. Owó iṣẹ́ ni. Fọ́tò kan lè ti di ti gbogbo ayé kí ilé ìpamọ́ sì ṣì gba owó ẹ̀dà rẹ̀.

Mo rí irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ nínú àpótí bàbá mi. Kí ni kí n ṣe sí i?

Ẹ fi ọwọ́ mímọ́ mú un létí, ẹ má fọwọ́ kan ojú rẹ̀. Ẹ má lẹ̀ ẹ́ ní sẹ́lótéèpù, ẹ má sì fi ọ̀rá bò ó pa nílé àwọn tó ń ṣe lamíné. Bí ẹ bá fẹ́ kọ nǹkan sí ẹ̀yìn rẹ̀, pẹ́ńsùlù ni kí ẹ fi kọ ọ́, nítorí yíǹkì bírò a máa la bébà kọjá sí ojú fọ́tò. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà ní 600 dpi (ìwọ̀n bí ẹ̀dà ṣe mọ́ tó) ó kéré tán, lójú kejèèjì, nítorí èdìdì ayafọ́tò àti ọjọ́ sábà máa ń wà lẹ́yìn.

Ọ̀tá rẹ̀ ní ilẹ̀ wa ni ọ̀rinrin. Àpótí tó kan ògiri tó ń ṣomi ni ẹ̀bu ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ àwo gíláàsì ni, ẹ to ó ní òró bí ìwé lórí pẹpẹ. Bí ẹ bá tò wọ́n lé ara wọn, ti ìsàlẹ̀ á sán. Bí ó bá sì jẹ́ fíìmù tó ti pẹ́ ju 1950 lọ, ẹ gbé e jìnnà sí iná, torí pé oríṣi fíìmù kan wà nígbà náà, nitrate, tó máa ń gbiná wàràwàrà.

Kí ló dé tí omi fi dà bíi kùrukùru, tí ojú ọ̀run sì funfun báláú?

Omi kò dúró, kámẹ́rà sì lọ́ra. Àwo gíláàsì tútù tí wọ́n ń lò láti 1851 nílò ìṣẹ́jú àáyá púpọ̀, nínú àkókò yẹn sì ni ìgbì ti lọ tó ti bọ̀, tí gbogbo rẹ̀ fi di ohun funfun kan tí kò ní ojú. Ènìyàn tó bá rìn kọjá lórí ọkọ̀ á hàn bí òjìji tàbí kí ó má hàn rárá. Àwo gbígbẹ, tí Richard Leach Maddox gbé jáde ní 1871, ló mú kí ìyára pọ̀ sí i, nígbà tó sì máa fi tó òpin ọ̀rúndún yẹn, a ti ń rí ọkọ̀ lórí ìrìn pẹ̀lú fóòmù omi ní iwájú rẹ̀.

Ti ojú ọ̀run yàtọ̀. Oògùn orí àwo ìgbà náà kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ju àwọ̀ búlúù lọ, búlúù sì máa ń jáde bíi funfun. Gustave Le Gray, ará Faransé, fi ọgbọ́n yí i ká ní 1856 àti 1857: ó ya òkun lọ́tọ̀, ó ya àwọsánmà lọ́tọ̀, ó sì tẹ méjèèjì sórí bébà kan. Nítorí náà, bí ẹ bá rí àwọsánmà tó rẹwà jù lórí òkun nínú fọ́tò ìgbà yẹn, ẹ rántí pé ó lè má jẹ́ ọjọ́ kan náà ni wọ́n yà á.

Ǹjẹ́ mo lè fi fọ́tò yìí mọ àwọ̀ tí wọ́n kùn ọkọ̀ náà?

Ibí yìí ni ojú ti máa ń tan ènìyàn jù. Lórí àwo tí kò rí ju búlúù lọ, pupa àti ìyeyè máa ń jáde bíi dúdú, búlúù sì máa ń mọ́lẹ̀. Ọ̀pá èéfín ọkọ̀ Elder Dempster jẹ́ àwọ̀ ìyeyè ràkọ̀ràkọ̀, ṣùgbọ́n nínú fọ́tò àtijọ́ ó lè dúdú tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí kò mọ̀ á fi búra pé wọ́n kùn ún lọ́dà. Àsíá pupa àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: ara rẹ̀ á dúdú kirikiri, igun tó yẹ kó jẹ́ búlúù á sì mọ́lẹ̀. Àwo tó ń rí gbogbo àwọ̀ kò bẹ̀rẹ̀ sí í wà lọ́jà títí di 1906, kò sì di èyí tí gbogbo ènìyàn ń lò lójú ẹsẹ̀.

Ìdí nìyí tí èmi kò fi gba àwọn fọ́tò tí kọ̀ǹpútà ti kùn ní àwọ̀ gbọ́. Ẹ̀rọ náà kò mọ irú àwo tí wọ́n lò. Ó rí dúdú, ó sì kùn ún ní dúdú. Bí ẹ bá fẹ́ mọ àwọ̀, ẹ wo ìwé ilé iṣẹ́ ọkọ̀ tàbí àwòrán ọlọ́dà tí wọ́n fi polówó rẹ̀.

Ìtàn kan bá ọ̀rọ̀ yìí lọ. Nígbà tí Olympic, ọkọ̀ ńlá tí wọ́n kàn ṣáájú Titanic, fẹ́ wọ omi ní Belfast ní October 1910, wọ́n kùn ún ní àwọ̀ tó mọ́lẹ̀ kí ó lè yọ dáadáa nínú fọ́tò. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n tó kùn ún ní dúdú.

Kí ló dé tí fọ́tò ọkọ̀ ńlá nínú èbúté Èkó fi ṣọ̀wọ́n ṣáájú Ogun Àgbáyé Kìíní?

Yanrìn tó wà lẹ́nu òkun ni kò jẹ́. Omi ibẹ̀ kò jìn tó, ìgbì rẹ̀ sì le, nítorí náà ọkọ̀ ńlá á jìnnà síta, á ju ìdákọ̀ró, àwọn ọkọ̀ kékeré á sì wá kó èrò àti ẹrù. Ọ̀pọ̀ ẹrù Èkó ni wọ́n ń kó gba Forcados, èbúté kan ní agbègbè Niger Delta. Èrò a máa jókòó sínú àga onígi kan bí àpótí, tí ẹ̀rọ ìgbẹ́rù á gbé sọ̀ kalẹ̀ láti orí ọkọ̀ sínú ọkọ̀ kékeré tó ń mì lórí ìgbì. Àga yẹn gan-an ni ayafọ́tò fẹ́ràn, ọkọ̀ tí wọ́n ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kì í sì í hàn ju ògiri irin lọ.

Ní 1908 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to òkúta sínú òkun láti la ẹnu èbúté, ìgbà tí iṣẹ́ náà gbilẹ̀ ni ọkọ̀ òkun ńlá tó ń wọlé. Wáàfù Àpápá ṣí ní 1926. Fọ́tò tí àkọlé rẹ̀ bá sọ pé “Èkó, 1895”, tí ọkọ̀ méèlì gìrìwò kan sì fara ti ilẹ̀ nínú rẹ̀, ẹ bi í léèrè dáadáa.

Àwọn kan tún máa ń béèrè fọ́tò àwọn ọkọ̀ ogun Bloodhound àti Teazer tí wọ́n wà níbi ogun Èkó ní December 1851. Àwòrán ọwọ́ ni àwọn tí ẹ ń rí nínú ìwé. Wọ́n lè lẹ́wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ojú kámẹ́rà ló rí wọn.

Ǹjẹ́ fọ́tò ọkọ̀ ẹrú wà?

Wọ́n kéré gan-an, nítorí òwò ẹrú orí òkun Àtìláńtíìkì ń lọ sópin nígbà tí fọ́tò ń bẹ̀rẹ̀, kò sì sí olówò ẹrú tó fẹ́ kí wọ́n ya òun. Ní 1860, nígbà tí àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà mú ọkọ̀ Wildfire wá sí Key West, ẹnì kan ya àwọn ènìyàn tó wà lórí rẹ̀. Ohun tí Harper's Weekly tẹ̀ jáde ní June ọdún náà jẹ́ àwòrán igi gbígbẹ́ tí wọ́n fi fọ́tò yẹn ṣe àwòkọ. Ní 1868, wọ́n ya fọ́tò àwọn ẹrú tí ọkọ̀ ogun HMS Daphne gbà sílẹ̀ ní etíkun Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, èyí sì wà ní Kew.

Èyí tó kan wa jù ni Clotilda, tó kó nǹkan bí 110 ènìyàn láti Ouidah lọ sí Alabama ní 1860, tí ọ̀gákọ̀ rẹ̀, William Foster, sì dáná sun ún kí ẹ̀rí má bàa sí. Fọ́tò tí àwọn ìwé ìròyìn máa ń tẹ̀ mọ́ ìtàn rẹ̀ jẹ́ ti ọkọ̀ ìgbòkun mìíràn tó jọ ọ́. Ṣùgbọ́n fọ́tò Oluale Kossola, ọ̀kan nínú àwọn tí ọkọ̀ náà kó, ọmọ Yorùbá láti agbègbè tó di Benin lónìí, wà, nítorí ó wà láàyè títí di 1935. Ọkọ̀ ti jóná. Ojú ẹni tó kó ló kù. Ní 2019 ni wọ́n tó kéde pé wọ́n ti dá òkú ọkọ̀ náà mọ̀ nínú odò Mobile.

Fọ́tò tó wà lọ́wọ́ mi kò ní ọjọ́. Báwo ni mo ṣe lè mọ ìgbà tí wọ́n yà á?

Ẹ má wá ọjọ́ kan ṣoṣo. Ẹ wá ọdún tí kò lè ṣáájú rẹ̀ àti ọdún tí kò lè kọjá rẹ̀, kí ẹ sì máa sún méjèèjì mọ́ra. Bí ọkọ̀ bá ní ọ̀pá èéfín ṣùgbọ́n tí igi ìgbòkun ṣì dábùú òpó rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ṣáájú 1900. Àmì òbìrìkìtì tí ìlà dábùú rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì, tó ń sọ ibi tí ẹrù gbọ́dọ̀ mọ, di òfin ní 1876. Wáyà rédíò tí wọ́n ta láti òpó dé òpó jẹ́ ti ọ̀rúndún ogún. Bí ọkọ̀ kékeré ìgbẹ̀mílà bá tò lọ rẹrẹ lórí ọkọ̀ ńlá, ó jọ pé ó ti kọjá 1912, ọdún tí Titanic rì tí gbogbo ayé sì gbọ́n. Bí ẹ bá rí réédà lórí òpó ọkọ̀ oníṣòwò, Ogun Àgbáyé Kejì ti parí.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo ilẹ̀. Bí afárá Carter bá wà lẹ́yìn ọkọ̀, fọ́tò náà kò lè ṣáájú 1901. Mo ti rí ẹni tó fi oṣù mẹ́ta wá ọjọ́ ọkọ̀ kan, tó sì jẹ́ pé orúkọ ṣọ́ọ̀bù kan ní Marina, lẹ́yìn ọkọ̀ náà, ló sọ gbogbo ọ̀rọ̀.

Orúkọ ọkọ̀ hàn gedegbe, síbẹ̀ ilé ìpamọ́ méjì sọ ọdún tó yàtọ̀. Èwo ni kí n gbà?

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọkọ̀ méjì ni. Àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ a máa fi orúkọ òkú sọ alààyè, bí ìgbà tí a sọ ọmọ ní Babátúndé. Elder Dempster ní Apapa mẹ́ta. Èyí àkọ́kọ́, ti 1914, ni ọkọ̀ ogun abẹ́ omi Jámánì rì nítòsí Wales ní November 1917. Èkejì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1927, ọkọ̀ òfuurufú Jámánì sì ju bọ́ǹbù lù ú ní November 1940. Ẹ̀kẹta dé ní 1948. Accra ti 1926 náà rì ní July 1940, òmíràn sì gba orúkọ rẹ̀ ní 1947.

Nítorí náà, àkọlé tó bá sọ pé “Apapa, nǹkan bí 1945” kò ṣeé gbà: ní ọdún yẹn, kò sí Apapa kankan tó ń ná òkun fún wọn. Ẹni tó kọ ọ́ kàn fojú bù ú ni. Àkọlé jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu akọ̀wé kan, tí ó lè ti kọ ọ́ ní ogójì ọdún lẹ́yìn tí wọ́n ti ya fọ́tò. Ohun tó wà nínú fọ́tò fúnra rẹ̀ ni ẹ kọ́kọ́ gbọ́dọ̀ gbọ́.

Ṣé òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ fọ́tò “Titanic” kì í ṣe Titanic?

Òótọ́ ni. Titanic kò lò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ lórí òkun ní April 1912, nígbà tí Olympic ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láti 1911 tí wọ́n sì ti ya á ní àyàtúnyà. Nígbà tí Titanic rì, ìwé ìròyìn àti àwọn tó ń tẹ káàdì ìfìwéránṣẹ́ nílò àwòrán kíákíá, wọ́n sì mú ti Olympic.

Ẹ wo àjà òkè tí èrò ti ń rìn gbafẹ́: ti Olympic ṣí sílẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n wọ́n fi fèrèsé dí ìdajì iwájú ti Titanic pa. Fọ́tò tó dájú lórí Titanic fúnra rẹ̀ ni ti àlùfáà Francis Browne, tó wọ ọkọ̀ náà ní Southampton tó sì sọ̀ kalẹ̀ ní Queenstown ní Ireland. Bí kò bá sọ̀ kalẹ̀ ni, a kì bá tí rí wọn.

Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá wọ́n ti yí fọ́tò padà?

Èyí tó wọ́pọ̀ jù kì í ṣe èrú rárá: ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ló da nẹ́gẹ́tíìfù kọ ẹ̀yìn, tí apá ọ̀tún fi di òsì. Ẹ wo orúkọ ní iwájú ọkọ̀, lẹ́tà ara pátákó etí èbúté, tàbí bọ́tìnì ẹ̀wù àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀. Èrú ayafọ́tò tún wà: òmíràn a fi búrọ́ọ̀ṣì kun èéfín sí ọ̀pá tí kò rú èéfín, kí ọkọ̀ lè dà bí ẹni pé ó ń sáré. Irú èéfín bẹ́ẹ̀ máa ń rọ̀ bí òwú, afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ ẹ sì máa ń lòdì sí èyí tó ń fẹ́ àsíá.

Àsíá kan wà lẹ́yìn ọkọ̀: dúdú, funfun, dúdú, ní òró. Ṣé ọkọ̀ Nàìjíríà ni?

Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ bí fọ́tò náà bá kọjá October 1960, nígbà tí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í lo àsíá aláwọ̀ ewé àti funfun. Ṣùgbọ́n àsíá ọkọ̀ oníṣòwò Perú jẹ́ pupa, funfun, pupa, ní òró bákan náà, nínú fọ́tò dúdú-àti-funfun kò sì sí ẹni tó lè fi ojú lásán yà wọ́n. Ẹ lọ wo àmì ara ọ̀pá èéfín.

Àsíá mẹ́rin tí wọ́n ta léra wọn lórí òpó wúlò jùyẹn lọ. Lẹ́tà mẹ́rin ni wọ́n dúró fún, ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní tirẹ̀. Bí ẹ bá kà wọ́n, ìwé orúkọ ọkọ̀ á sọ ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀.

Ṣé fọ́tò Ọba Ovonramwen ti Ìlú Bìní lórí ọkọ̀ jẹ́ fọ́tò ọkọ̀?

Jonathan Adagogo Green, ayafọ́tò ọmọ Bonny, ló yà á ní 1897 lórí ọkọ̀ ìjọba tí wọ́n ń pè ní Ivy, nígbà tí wọ́n ń gbé Ọba lọ sí ìgbèkùn ní Calabar. Ọba jókòó, àwọn ṣọ́jà dúró lẹ́yìn rẹ̀, aṣọ sì bo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ọba kan ló rin ìrìn àjò ọlá. Ẹ̀wọ̀n wà lábẹ́ aṣọ náà.

Lójú tèmi, bẹ́ẹ̀ ni, ó jẹ́ fọ́tò ọkọ̀, nítorí bí ẹ bá yọ ọkọ̀ náà kúrò, ìtàn rẹ̀ yí padà. Ṣùgbọ́n ibi tí ilé ìpamọ́ kan bá to ó sí lábẹ́ “Bìní”, òmíràn lè to ó sí lábẹ́ “ọba”, òmíràn sì lè má dárúkọ Green rárá. Ẹ fi gbogbo orúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wá a: Ọba, ìlú, ọkọ̀, ayafọ́tò.

Bàbá mi àgbà bá ọkọ̀ lọ sí Liverpool ní 1955. Ṣé mo lè rí fọ́tò ọjọ́ yẹn gan-an?

Ẹ kọ́kọ́ wá orúkọ rẹ̀. Ìwé orúkọ èrò tó wọ Gẹ̀ẹ́sì láti 1878 títí di 1960 wà ní Kew lábẹ́ BT 26. Ó máa ń sọ orúkọ ọkọ̀, ọjọ́ tó gúnlẹ̀, ọjọ́ orí èrò, iṣẹ́ rẹ̀ àti àdírẹ́sì tó ń lọ. Ẹ gbìyànjú oríṣiríṣi ìkọsílẹ̀ orúkọ, nítorí akọ̀wé ọkọ̀ kò mọ Yorùbá.

Fọ́tò ọkọ̀ náà kò ní nira. Ti ọjọ́ yẹn gan-an, àwọn ilé ìpamọ́ kì í sábà ní in, nítorí wọn kì í ya ọkọ̀ méèlì ní gbogbo ìgbà tó bá gúnlẹ̀. Ọwọ́ àwọn tí wọ́n jọ wọ ọkọ̀ ni irú rẹ̀ máa ń wà. Orúkọ wọn wà lójú ewé kan náà pẹ̀lú ti bàbá yín àgbà, nítorí náà ẹ kọ orúkọ àwọn ọmọ Nàìjíríà tó tẹ̀ lé e sílẹ̀, kí ẹ sì wá ìdílé wọn kàn.